Ẹnì Kan Ṣoṣo Ló Ń Ṣe Gbogbo Wọn: Èwo Nínú Àwọn Ìtàn Òkú Ayé Victoria Ni Kí Ẹ Lọ Wò?

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé eré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà a máa polówó irú eré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ dáadáa: òṣèré kan ṣoṣo, tábìlì kan, àga kan, àti ìtàn òkú tí wọ́n kọ láyé Ọbabìnrin Victoria, ẹni tó jọba láti 1837 sí 1901. Òṣèré yẹn ni ahun, òun ni òkú tó wá bá ahun lálejò, òun náà ni ọmọdé tó ń tiro. Tí ẹ bá rí ìpolówó bíi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, kí ẹ kàn mú èyí tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré jù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè mú ọmọ ọlọ́dún méje lọ síbi tí kò ní jẹ́ kó fojú kan oorun fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kó mú ìyá àgbà lọ jókòó fún wákàtí méjì gbáko láìsí ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Ìtàn òkú ni mo pè é, n kò pè é ní ìtàn iwin, torí iwin lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ènìyàn rí. Inú igbó ni tirẹ̀. Nínú A Christmas Carol, ìtàn Kérésì tí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì Charles Dickens kọ, Marley tó wá bá Scrooge ahun kú, wọ́n sin ín, ó wá padà wá sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ṣòwò. Òkú ni. Kì í ṣe àkúdàáyà náà, nítorí àkúdàáyà a máa jẹun, a máa fẹ́yàwó, a máa tajà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ní ti M. R. James, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, nǹkan tó ń rìn nínú ìtàn rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe òkú nígbà mìíràn: ohun onírun kan ni, tí ẹ kò ní rí lódindi. Ìyàtọ̀ yìí máa ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń yàn, torí bí ẹ̀rù Marley ṣe ń bani kọ́ ni ti ohun onírun yẹn ṣe ń bani.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ẹni tó kọ ìtàn yìí kọ ọ́ kí wọ́n lè fi ẹnu sọ ọ́ ni, àbí ó kọ ọ́ kí ẹnì kan jókòó kà á sínú? Èyí tí wọ́n kọ fún ẹnu kò nílò ohun púpọ̀ lórí ìtàgé. Ohùn ló ń gbé e. Èyí tí wọ́n kọ fún ojú, ẹni tó bá máa dá a ṣe gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn kún un, yálà ara rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ. Gígùn ìtàn náà ń sọ̀rọ̀. A Christmas Carol tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 28 ọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń kà á sókè ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 150 ní ìṣẹ́jú kan máa lò ju wákàtí mẹ́ta lọ díẹ̀. Dracula, ìtàn òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, sún mọ́ ẹgbẹ̀rún 160. Ó ju wákàtí 17 lọ. Ìtàn àkọ́kọ́, wọn á gé e díẹ̀. Ti ìkejì, àfi kí wọ́n tún un hun látìbẹ̀rẹ̀.

A Christmas Carol: èyí tí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe

Ibí ni màá ti pẹ́ jù, torí ibí ni ẹ ti máa rí ohun púpọ̀ jù yàn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 19 Oṣù Kejìlá 1843 ni ìwé náà jáde. Ní ọdún 10 lẹ́yìn náà, ọjọ́ 27 Oṣù Kejìlá 1853, Charles Dickens dúró nínú Town Hall ìlú Birmingham, ó kà á fún èrò láti fi kówó jọ fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Ní ọjọ́ 30, ó tún un kà, ó sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, kí owó ìwọlé jẹ́ èyí tí apá wọn ká. Láti 1858 ló ti sọ ìwé kíkà yìí di iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí, ó gbé e lọ sí Boston ní 1867, ó sì kàwé fún èrò ju ìgbà 400 lọ kó tó dákẹ́. Tábìlì ìkàwé kan wà tó ń gbé kiri, pẹ̀lú iná gáàsì tó tàn sí i lójú kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń yí. Ó gé ìwé tirẹ̀ kúrú, ó fi gègé fa ìlà pa odindi ojú ewé rẹ́, ó sì kọ ọ́ sétí ìwé ibi tí ohùn gbọ́dọ̀ ti dùn àti ibi tó gbọ́dọ̀ ti rẹlẹ̀. A Christmas Carol wà nínú ohun tó kà ní ìrọ̀lẹ́ ìdágbére rẹ̀ ní London, 15 Oṣù Kẹta 1870. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti kú.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dá A Christmas Carol ṣe lórí ìtàgé lónìí, ó ń padà sórí ohun tí ìtàn náà ti jẹ́ látilẹ̀ ni. Àwọn mẹ́rin kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Gerald Dickens, ọmọ ọmọ ọmọ ọmọ Charles Dickens, ti ń ṣe é láti 1993, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé ìkàwé, hòtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn kékeré. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Òun ni màá rán ẹbí tó ní ọmọ kékeré lọ bá, nítorí gbọ̀ngàn kì í tóbi, ọmọ á rí ojú òṣèré, á sì mọ̀ pé ènìyàn kan náà ló ń ṣe Scrooge tó tún ń ṣe Tiny Tim, ọmọ tó ń tiro. Ìmọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù Marley pọ̀ jù fún un. Ọmọ tó bá ti gbọ́ àlọ́ rí, tó ti gbọ́ bí àgbà ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀ tó bá kan Ìjàpá, kò ní béèrè ìdí tí bàbá kan fi ń di ènìyàn púpọ̀. Ahun kan náà sì ni a fi ń pe Ìjàpá tí a tún fi ń pe irú Scrooge, ẹ lè fi ìyẹn ṣàlàyé ìtàn náà fún un nínú ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Simon Callow ṣe tirẹ̀ ní Arts Theatre, London, ní 2011, wọ́n sì ya á sí fíìmù ní 2018. Callow ti gbé pẹ̀lú Dickens pẹ́. Ó kọ ìwé lórí ayé rẹ̀, ó sì ti ṣe Dickens fúnra rẹ̀ nínú eré. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé kò fi ipò onítàn sílẹ̀. Ẹ máa gbọ́ gbólóhùn Dickens bó ṣe gùn tó, bó ṣe ń yípo, bó ṣe ń ka oúnjẹ ọjà Kérésì lọ bí ẹni ń ka oríkì. Ẹni tó fẹ́ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì fún èdè fúnra rẹ̀, tirẹ̀ ni kó wò.

Patrick Stewart ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ, ẹni tí ayé mọ̀ sí olórí ọkọ̀ inú Star Trek. Ó gbé e dé Broadway, àdúgbò ilé eré ńlá ní New York, ní 1991, ó sì mú un wá sí ilé eré Old Vic ní London ní 1993. Ìtàgé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ kò lè rí i lójúkojú mọ́, ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó máa ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi á ní kó mú ohùn yẹn kó tó mú fíìmù kankan.

Jefferson Mays yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ju 50 ènìyàn lọ tó ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ní Geffen Playhouse ní Los Angeles ní 2018, wọ́n ya á sí fíìmù ní 2020, ó sì dé Nederlander Theatre lórí Broadway ní 2022. Òkùnkùn, iná, àwòrán tó ń yọ lára ògiri, ìró tó ń já lù yín láìròtẹ́lẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Èyí ló ń dẹ́rù bani jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dára gan-an, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun kan sọ nù níbẹ̀. Nígbà tí ohùn ènìyàn nìkan bá sọ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń wọ́ gòkè bọ̀ láti àjà ilẹ̀, èmi ni mo ń fi ọkàn mi wọ́ ọ. Tí ẹ̀rọ bá wọ́ ọ fún mi, ó ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún 13 sókè, tí fíìmù olówó ńlá ti mọ́ lára, á fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Callow lọ, ẹ má sì bá a jà.

The Signal-Man: kékeré tó lágbára

Dickens kan náà ló kọ ọ́, ní 1866. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹfà 1865, ọkọ̀ ojú irin tó wọ̀ jábọ́ ní Staplehurst, ènìyàn 10 kú, òun sì wà lára àwọn tó ń fún àwọn tó fara pa lómi. Kò gbádùn ọkọ̀ ojú irin mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìtàn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọkùnrin kan tó ń fi iná àti àsíá darí ọkọ̀ lẹ́nu ihò abẹ́ òkè, tí ohun kan ń yọ sí kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀: ó fi apá òsì bojú, ó ń fi apá ọ̀tún juwọ́ pé kí wọ́n yà.

Kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọ̀rọ̀ lọ. Ènìyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú rẹ̀, àlejò àti òṣìṣẹ́ náà, nítorí náà òṣèré kan lè ṣe é láìgé ohunkóhun, kò sì ní gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Wọ́n sábà máa ń so ó mọ́ ìtàn mìíràn kí ìrọ̀lẹ́ lè kún. Tí ẹ bá rí i nínú ìpolówó, ẹ wò bóyá wọ́n kọ orúkọ ìtàn kejì, torí ìyẹn ló máa sọ bí gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà ṣe máa rí. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ A Christmas Carol, ìyàtọ̀ kan ló ṣe pàtàkì: kò sí ìdáríjì nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ tí ohun gbogbo dára. Ẹ má fi ṣe ìtàn Kérésì fún ọmọdé.

M. R. James àti àbẹ́là kan

James kú ní 1936, ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ sì jáde lẹ́yìn ikú Ọbabìnrin Victoria, àwọn kan á sì ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ọmọ ayé Victoria ni, 1862 ni wọ́n bí i, ìtàn rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì ti jáde ẹnu rẹ̀ ní 1893, nígbà tó kà wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní Cambridge. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà: ní àsìkò Kérésì, àwọn ọ̀rẹ́ á péjọ sí yàrá rẹ̀ ní King's College, wọ́n á dúró, òun á jáde láti yàrá inú pẹ̀lú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì gbẹ, á fẹ́ gbogbo àbẹ́là pa ku ẹyọ kan, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Robert Lloyd Parry, lábẹ́ orúkọ Nunkie Theatre Company, ti ń ṣe ohun tó jọ èyí láti 2005. Ó jókòó sínú àga aláwọ kan, àbẹ́là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó múra bíi James, ó sì ń sọ ìtàn méjì ní ìrọ̀lẹ́ kan. A Pleasing Terror ni àkọ́kọ́ wọn, ó so Canon Alberic's Scrap-book pọ̀ mọ́ The Mezzotint. Kò ka ìwé. Ó ti há ìtàn náà sórí, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Níbí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Kò sí èyí tó mú mi bí èyí. Òṣèré náà kò sáré, kò kígbe, kò yí ohùn padà púpọ̀. Ọ̀mọ̀wé kan ni, onírẹ̀lẹ̀, ó ń sọ nípa ìwé àtijọ́ kan tó rà, nípa ṣọ́ọ̀ṣì kan nílẹ̀ Faransé, nípa adènà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀yìn wò ṣáá. Ohun gbogbo falẹ̀, ó sì ní àlàyé. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọwọ́ kan tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá ẹni tó ń kàwé, tí ẹni náà kọ́kọ́ rò pé ohun ìnu-gègé ni. Gbogbo ohun tó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe é ṣe nítorí pé ẹ ti dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kìlọ̀ fún àwa tí a dàgbà nídìí àlọ́, tí ẹnu wa ti mọ́ ègbè. Kò sí ègbè níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní ké "ààlọ̀", bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní bá a dá orin. Tí ẹ bá ní ẹnì kan nínú ẹbí tí kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílé lọ́jọ́ náà, kí ẹ mú un lọ wo A Christmas Carol lọ́jọ́ mìíràn, níbi tí ẹ̀rín ti pọ̀. Àwọn ìjókòó iwájú ló dára jù. Àbẹ́là kì í tàn dé ẹ̀yìn. Fóònù, ẹ pa á pátápátá, nítorí iná rẹ̀ nìkan tó láti ba gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà jẹ́ fún ẹni ogún tó yí yín ká.

Jekyll, Dorian, Dracula: àwọn tí wọ́n kọ fún ojú

Strange Case of Dr Jekyll and Mr Hyde, tí Robert Louis Stevenson gbé jáde ní 1886, ni ìdánwò fún ara òṣèré. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìwé náà jáde tí Richard Mansfield ti ń yí padà lójú èrò ní Boston, lẹ́yìn náà ní London ní 1888, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣèré mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Ti òṣèré kan ṣoṣo tó súnmọ́ àkókò wa ni èyí tí Gary McNair tún kọ, tí Forbes Masson dá ṣe ní Royal Lyceum, Edinburgh, ìlú tí wọ́n ti bí Stevenson gan-an, ní 2024. Ó tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é, àbí kí ni ìtàn náà bí kò ṣe ẹni méjì nínú ara kan? Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ayé ti mọ àṣírí ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ lọ torí òṣèré, kì í ṣe torí ìtàn.

Àwọn méjì yòókù wá láti ọwọ́ Kip Williams, olùdarí eré ti ilẹ̀ Australia, kámẹ́rà ni ó sì fi yanjú ìṣòro ìtàn tí wọ́n kọ fún ojú. Nínú The Picture of Dorian Gray, ìtàn Oscar Wilde láti 1890, Sarah Snook ṣe ènìyàn 26 ní Theatre Royal Haymarket, London, ní 2024, ó gba àmì ẹ̀yẹ Olivier, ó gbé e lọ sí Broadway ní 2025, ó tún gba Tony. Wákàtí méjì ni, kò sí ìsinmi. Òun kan ló wà níwájú yín, ṣùgbọ́n ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú àwòrán ńlá tó rọ̀ sókè. Mo lérò pé ẹ̀rọ yẹ ìtàn yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo àwòrán ara rẹ̀ tí kò lè gbójú kúrò ni látìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán tó ń bàjẹ́ nínú yàrá òkè, ojú tó ń dán nísàlẹ̀. Ta ni kò mọ irú rẹ̀ lórí fóònù lónìí?

Dracula ni ó ṣòro fún mi jù. Bram Stoker, tó kọ ọ́ ní 1897, ni alábòójútó ilé eré Lyceum ní London, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti kà á sókè lẹ́ẹ̀kan kí ìwé tó jáde, kí ẹlòmíràn má baà jí i gbé sórí ìtàgé. Lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, olúkúlùkù ló dá wà tó ń kọ tirẹ̀. Zahra Newman ṣe ti Williams ní Sydney ní 2024, ènìyàn 23. Cynthia Erivo, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà, ni wọ́n gbé e fún ní Noël Coward Theatre, London, fún 2026. Tí ọ̀kan nínú irú eré wọ̀nyí bá tún dé ìlú yín, ẹ jókòó sí àárín, kì í ṣe iwájú, nítorí ọrùn á dùn yín tí ẹ bá ń wòkè fún wákàtí méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì West End, àdúgbò ilé eré ńlá ní London, wọ́n gan-an ju ti gbọ̀ngàn kékeré lọ, pàápàá tó bá jẹ́ gbajúmọ̀ fíìmù ló wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi The Woman in Black tà yín jẹ. Eré dáadáa ni, àmọ́ òṣèré méjì ló ń ṣe é, ọdún 1983 sì ni ìwé rẹ̀ jáde.

Èwo wá ni?

Fún ọmọ ọdún méje sí 12, A Christmas Carol ti gbọ̀ngàn kékeré, láìsí àní-àní. Fún òbí tó wá láti ilé fún Kérésì, tí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lè máa rẹ̀, Carol náà ni, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn náà fún wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kì í sùn. Fún tọkọtaya tí kò fẹ́ ariwo, James. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tíátà, Dorian tàbí Dracula, kó lè rí ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ, lẹ́yìn náà kó wo fíìmù Callow kó lè rí ibi tó ti wá. Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Cotonou tí kò ní rí ọ̀kankan lójúkojú, fíìmù Mays àti ti Callow ni kó wá, kó wo méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Gbogbo àwọn òǹkọ̀wé ayé Victoria wọ̀nyí ti kú ju 70 ọdún lọ, ìtàn wọn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkàwé ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú The Signal-Man. Ẹ tún un sọ ní Yorùbá tó bá yá, ẹ pa iná pálọ̀, ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́yìn yín kí ojú yín wà nínú òjìji, kí ẹ má yí ohùn padà títí ẹ ó fi dé ibi tí òṣìṣẹ́ náà ti ń fi bí ohun náà ṣe dúró hàn. Ẹ gbé apá òsì bo ojú níbẹ̀, ẹ ju apá ọ̀tún, ẹ má sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.